Mo To Àga fún Ìgbìmọ̀, Gàníyù Ló Jókòó

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo tan òun jẹ: òjòwú ni mí. Ìyàwó mi mọ̀, àwọn ọmọ mi mọ̀, Gàníyù tí mò ń jowú gan-an mọ̀, ó sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀ o, ẹran wà láyà tèmi dáadáa, torí ìyàwó mi mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè. Àmọ́ tí mo bá pàdé Gàníyù ní Huntstown, àdúgbò wa ní Dublin, tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń kí i pé, "Bàbá Rónkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa o," ṣe ló máa ń ta mí bí ìgbà tí èèrùn wọ ṣòkòtò.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìjọ wa ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, pé ẹni tó ń rò ó pé iṣẹ́ wo lòun máa ṣe á rí nǹkan mú níbẹ̀. Ó dáa. Kiatékà ilé-ìwé ni mo ṣe, ó lé lógún ọdún, iṣẹ́ kan náà, ilé-ìwé kan náà, ní Phibsborough. Èmi ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀. Èmi ni mò ń tan bọ́ílà tó ń mú gbogbo kíláàsì gbóná. Àga tó kán, fèrèsé tó há, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dí, èmi ni. Tí ilẹ̀ bá di yìnyín, èmi ni mò ń wọ́n iyọ̀ sí i kí ọmọ ọlọ́mọ má baà ṣubú.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà ò gùn. A wá sí Dublin, a tọrọ ààbò, wọ́n ní ká dúró, a dúró. Nígbà tí ìwé tó ní ká máa gbé ìlú náà jáde, mo gbọ́ pé ilé-ìwé kan ń wá ẹni tó máa ran kiatékà wọn lọ́wọ́, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ ń gbé wa jẹun. Ó parí.

Ọ̀gá mi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀. Des lorúkọ ẹ̀, ọmọ bíbí Dublin, kúkúrú, ó sì le bí òkúta. Mi ò lè la ẹnu pe ẹni tó jù mí lọ ní Des lásán, mo bá ń pè é ní Mísítà Des. Ó ní, "Bàbá mi ló ń jẹ́ Mísítà, ó sì ti kú." Mo bá gbé "Ọ̀gá" lé e lórí. Ó bi mí ohun tó túmọ̀ sí, mo sọ fún un, ó ní ìyẹn dáa, kí n máa pè é bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀gá ilé-ìwé náà.

Ní gbogbo ìgbà òtútù àkọ́kọ́, Des ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́ílà. Ewé ni mò ń gbá, gọ́tà ni mò ń kó. Tí mo bá ní mo ti kó gọ́tà tán, á gbé bákẹ́ẹ̀tì omi kan, á dà á síbẹ̀, á sì dúró tì í, á kó ọwọ́ sápò. Tí omi náà bá ṣe bí ẹni fẹ́ dúró, á ní, "Tún un ṣe." Kò ní bú ẹ, kò ní pariwo. Tún un ṣe, ìyẹn nìkan. Mo tún un ṣe títí mo fi ń lá àlá gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló burú jù. Ìkọ́ ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ń gbé, ìkọ́ tirẹ̀, kì í ṣe àpò èèyàn. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé, mo gbé kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ sílé. Des pè mí lórí fóònù pé kí n dá a padà. Òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì ò tètè dé, mo padà débẹ̀ tí omi ń ro lára mi. Ta ló ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn fún mi? Des ni, òun pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mìíràn lọ́wọ́! Ó ní ọ̀kan wọn tẹ́lẹ̀. Mo bú u ní Yorùbá, mo bú u dénú. Ó mi orí, ó ní, "Ìwọ náà bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn mi ò gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sílé mọ́ láyé mi.

Nígbà tó wá fẹ́ kọ́ mi ní bọ́ílà, ó kọ́ mi délẹ̀. Ó ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù, kí n sọ kíláàsì tó tutù fún un kí n tó lọ wò ó. Ó ní ọmọ tí òtútù ń mú kì í gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ, torí náà iṣẹ́ wa ló ṣáájú ti tíṣà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá rí ọ̀gá tó le báyìí, ẹ má sá. Ẹ bú u lábẹ́ ahọ́n, kí ẹ sì dúró.

Iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ tiwa, ibẹ̀ sì ni owú mi ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ilé-ìwé bá ti tú, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-ìwé máa ń ṣèpàdé. Èmi ni mò ń to àga, tí mò ń se omi tíì, tí mò ń kó ife jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní press. Des sọ fún mi pé, "Àwọn tó ń bọ̀ yìí ni ọ̀gá àwọn ọ̀gá wa. Àwọn ló ń gba tíṣà síṣẹ́. Àwọn ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa náwó, òfin tí ọmọ máa tẹ̀ lé, àti ọmọ tí wọ́n máa lé." Mo nu àwọn àga yẹn títí wọ́n ń dán. Mò ń retí ọkọ̀ ńláńlá.

Ta ló wọlé? Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní títì kejì, tìyẹ̀fun tìyẹ̀fun lára ẹ̀wù. Bàbá tó ń pín lẹ́tà. Ìyá àgbà kan tó gbé ọ̀pá dání. Mo yíjú sí Des, mo ní, "Àwọn ọ̀gá ọ̀hún ńkọ́?" Ó ní, "Àwọn náà nìyẹn." Wọn kì í sanwó fún wọn o, kọ́bọ̀ báyìí. Òbí ọmọ ní ń dìbò yan òbí, ará àdúgbò náà ní àga tiwọn, ìgbìmọ̀ á sì ṣe ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó yan mìíràn. Ẹni tó bá ti sọ pé "èmi máa ṣe é" náà ni. Mo dúró síbi ìkòkò omi gbígbóná, mò ń wò wọ́n, ó wù mí. Kì í ṣe wíwù kékeré.

Nígbà tí Des fẹ̀yìn tì, ilé-ìwé náà kù sí mi lọ́wọ́. Ọdún tí mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ tán ni àjálù dé.

Ìsinmi Kérésìmesì ni. Òtútù kan wá tó di omi mọ́nú páìpù. Ọjọ́ tí mo lọ yẹ ilé-ìwé wò, láti ẹnu géètì ni mo ti rí omi tó ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn iwájú. Yéè! Mo sáré. Páìpù inú àjà ti bẹ́. Àjà gbọ̀ngàn ti já sílẹ̀, pákó ilẹ̀ ti wú sókè, ìwé ìtàn àwọn ọmọdé ń léfòó nínú omi. Mo wọ inú omi yẹn dé kókósẹ̀, mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa omi, mo pa á. Mo pe Des. Ó dé tòun ti bàtà inú ilé lẹ́sẹ̀, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Mò ń retí kó ní kí n tún un ṣe. Ó ní, "Ó burú, àmọ́ o ti pa omi náà. Gbé mọ́ọ̀pù wá." Ó ká ṣòkòtò, àwa méjèèjì sì fa omi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ìgbìmọ̀ pe ìpàdé pàjáwìrì. Kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nìkan ló gbẹ, torí náà àga àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo tò. Ẹ bá rí àgbàlagbà tí orúnkún wọn wà ní àgbọ̀n! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹnìkan ní kí wọ́n ti ilé-ìwé pa títí wọ́n á fi tún un ṣe tán, pé ìyẹn ló rọrùn, pé kò sóhun tó máa ṣe àwọn ọmọ nílé. Òmíràn ní òtítọ́ ni. Wọ́n ti fẹ́ fẹnu kò. Obìnrin oníbúrẹ́dì yẹn bá bèèrè pé, "Ta ló wà nílé?"

Ó ní, "Ìyá wọn wà níbi iṣẹ́, bàbá wọn wà níbi iṣẹ́. Àwọn kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé ibí nìkan ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ gbígbóná. Ta ló máa fún wọn?" Ìbéèrè yẹn nìkan ló yí i padà. Wọ́n yá gbọ̀ngàn ìjọ kan tó wà nítòsí, mo kó tábìlì lọ síbẹ̀, ilé-ìwé sì wọlé. Obìnrin náà ò sọ gírámà kankan. Ó ṣáà ní ẹ̀rí ọkàn, ó sì wà lórí àga. Ká ní ilé ẹ̀ ló jókòó sí, tó ń fi ẹ̀rí ọkàn ta búrẹ́dì, ta ni ì bá gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi wọ̀ mí lára. A ti kó kúrò ní yàrá tá a háyà ní Phibsborough nígbà yẹn, a ti ń gbé Huntstown. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Damastown tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí, ìdájí ló ń wọlé. Èmi gbọ́dọ̀ kúrò nílé ṣáájú òun, kí bọ́ílà lè gbóná kí àwọn ọmọ Phibsborough tó dé. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Títílọpẹ́, àkọ́bí wa, á di àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n á lọ dúró síwájú ilé-ìwé wọn ní Huntstown. Ilẹ̀kùn ò ní tíì ṣí, kò sì sí ibi tí wọ́n lè forí pamọ́ sí. Lọpẹ́ á gbé báàgì lé orí, á fi apá kan bo àbúrò ẹ̀. Mò ń mú kíláàsì ọmọ ọlọ́mọ gbóná, òjò ń pa tèmi. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀.

Àwọn nìkan kọ́. Ọmọ gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìdájí ní Damastown ló ń dúró síbẹ̀, dúdú, funfun. Mo bá pinnu: mo máa wọ ìgbìmọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ mi, mo sì máa jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yẹn ní kùtùkùtù. Mo sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Mo sọ ọ́ fún Gàníyù jù.

Gàníyù ń wa takisí, ọ̀ọ́kán ilé wa ló ń gbé, Rónkẹ́ ọmọ ẹ̀ wà nílé-ìwé kan náà pẹ̀lú àwọn tiwa, mo sì jù ú lọ dáadáa. Ó máa ń wá jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ wa. Orí àga mi, nídìí ẹ̀bà mi, ló ti bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìgbìmọ̀ ilé-ìwé?" Ẹ gbọ́ o! Kò mọ̀ ọ́n! Èmi ni mo là á yé e, bí wọ́n ṣe ń dìbò, iye àga tó wà, bàbá kan, ìyá kan, ará àdúgbò. Ó ń mi orí, ó ń gé ẹran.

Ọjọ́ ìpàdé òbí dé. Gbogbo àwọn Yorùbá tó lọ́mọ níbẹ̀ ti ń sọ fún mi pé, "Bàbá Lọpẹ́, ẹ̀yin ló kàn." Mo gbé kóòtù wọ̀. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ráńpẹ́ sínú. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, obìnrin tó lójú àánú, dúró níwájú, ó ní, "Ó ku àga bàbá. Ayọ̀, àwọn èèyàn ń dárúkọ ẹ. Ṣé wàá ṣe é?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọlúàbí, kí leèyàn ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ṣé èèyàn ń já oyè gbà ni? Mo tẹ orí ba, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Rárá o, rárá. Mi ò yẹ. Àwọn tó dáa jù mí lọ wà níbí." Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, ìyẹn gan-an ni pé mo ti gbà! Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn á ti máa pariwo pé, "Ẹ gbà á o, ẹ má kọ̀ ọ́!" Àgbàlagbà kan á dìde, á bẹ̀ ẹ́. Wàá ní o máa rò ó. Wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wàá dìde bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí, wàá wá dúpẹ́.

Obìnrin náà ní, "Ah, grand so." Grand! Lẹ́nu tiwọn, kò síṣòro, ó ti parí nìyẹn. Ó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Orí mi ò tíì kúrò nílẹ̀ tí mo fi gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi tó ní, "Èmi máa ṣe é."

Gàníyù ni. Ó na ọwọ́ sókè fíofío, ọwọ́ tó ń fi gé ẹran lórí tábìlì mi. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó yọjú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Bá a ṣe ń lọ sílé, ìyàwó mi ò dákẹ́. Ó ní, "Bàbá Lọpẹ́, ta lẹ̀ ń dúró dè? Ta ló máa dọ̀bálẹ̀ fún yín nínú gbọ̀ngàn òyìnbó? Wọ́n bi yín léèrè, ẹ ní ẹ ò ṣe, wọ́n gbà yín gbọ́. Kí lẹ̀bi tiwọn?" Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo jẹ díẹ̀, ká sòótọ́, àmọ́ kò dùn lẹ́nu.

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé ẹnu mi ni Gàníyù fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tí ìpàdé bá ku ọ̀la, á sọdá títì wá, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ?" Mo fẹ́ lé e jáde. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn ọmọ mi ló ṣì wà nínú òjò. Màá wá jókòó tì í, màá ní, "Wọ́n máa sọ pé ta ló máa mójú tó àwọn ọmọ náà. Sọ fún wọn pé àwọn òbí tí kò níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà á máa gbà á ṣe láàárín ara wọn. Wọ́n máa sọ̀rọ̀ ìnáwó. Sọ fún wọn pé bọ́ílà wọn ti ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí yẹn tẹ́lẹ̀." Mò ń bínú, mò ń kọ́ ọ. Ìyàwó mi á wà ní kíṣìnì, á máa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Ó tún padà lọ. Gàníyù kì í tijú, ẹ jẹ́ kí n fún un nítirẹ̀. Ìgbà òtútù kejì ni wọ́n gbà, wọ́n yọ̀ǹda yàrá kan, ilẹ̀kùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní kùtùkùtù. Kí ni àwọn èèyàn sọ yàrá náà? Yàrá Bàbá Rónkẹ́! Lọpẹ́ délé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, irun ẹ̀ gbẹ, bàtà ẹ̀ gbẹ, ó ní yàrá Uncle Gàníyù móoru gan-an, wọ́n sì fún àwọn ní tíì. Mo ní, "Ẹn, ó dáa." Mo wọ yàrá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì jowú lórí ìkúnlẹ̀ kan náà. Mo jowú bí wọ́n ṣe ń kí i. Mo jowú táì tó ń wọ̀ lọ sípàdé. Ó ní ìpàdé náà ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí, mo jowú ẹ̀fọ́rí náà.

Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé, àwọn ọmọ mi ti kúrò nílé-ìwé náà, mi ò sì ní ẹsẹ̀ láti fi dúró fún àga òbí mọ́. Wọ́n gbé Gàníyù sórí àga ará àdúgbò nínú ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Ó wà níbẹ̀ lọ.

Èmi padà sídìí iṣẹ́ mi. Irinṣẹ́ ń yí padà níṣojú mi. Bọ́ílà tí mò ń fọwọ́ tàn di èyí tó ń tan ara ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ di ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi kan ilẹ̀kùn, gbogbo ìkọ́ Des sì ṣófo. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kékeré kan tó mọ ẹ̀rọ wá, ó ní, "Ayọ̀, o ò nílò àtimáa tètè jí mọ́. Tẹ ibí yìí lórí fóònù ẹ, ilé-ìwé á gbóná kó o tó dìde lórí ibùsùn." Mo kọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n, ẹ má bẹ̀rù irinṣẹ́ tuntun. Àmọ́ mo ṣì ń tètè lọ, mo ṣì ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù. Fóònù lè sọ pé ilé gbóná kí kíláàsì ẹ̀yìn sì tutù bí omi àmù.

Ohun kan ṣoṣo tí kò yí padà ni àga tí mò ń tò. Mo rí onírúurú èèyàn lórí ẹ̀. Mo rí ẹni tó wá nítorí kí wọ́n lè máa pè é ní ọmọ ìgbìmọ̀. Mo rí ẹni tó ní ìjà kan ṣoṣo, tó ń gbé e wá gbogbo ìpàdé, tí kò bèèrè ọmọ kankan rí. Mo rí ọdún tí àga òbí ṣófo, tí mo tò ó, tí mo tún gbé e padà, tí àwọn díẹ̀ tó kù sì pinnu ohun tó wù wọ́n. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹ ń sọ pé ẹ ò tíì pẹ́ nílùú, ẹ̀yin lẹ máa ń wá bá mi sọ pé ilé-ìwé ò kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé mọ́. Ṣé ẹ ti débẹ̀ lọ sọ ọ́? Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èèyàn tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó mọ òótọ́, tó ní sùúrù, irú wọn ni àga yẹn ń wá, irú wọn gan-an ló sì máa ń wolẹ̀ tí wọ́n bá pe orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ yín. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣe kéèkì fún mi, Des wá, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ó yẹ gọ́tà wò kó tó jẹ kéèkì.

Àìpẹ́ yìí ni Gàníyù pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ lọ lo àkókò díẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ fi àga yẹn sílẹ̀, wọ́n sì ní kí n bá àwọn wá ará àdúgbò tó ṣeé fọkàn tán. Mò ń bọ̀ nílé yín lọ́jọ́ Sátidé lórí ọ̀rọ̀ yẹn."

Orí mi ò! Ilé mi! Lórí ọ̀rọ̀ yẹn! Mo ní kí ìyàwó mi se ọbẹ̀ ọ̀gbọ̀nọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ bùbá tuntun, mo dé fìlà nínú ilé ara mi. Ìyàwó mi wò mí látòkè délẹ̀, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ ẹ̀. Lọpẹ́ wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, Huntstown náà ló ń gbé. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ òyìnbó àwọn ọmọ Dublin ló fi ń fèsì.

Gàníyù dé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n." Ó jẹun tán, ó nu ọwọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ nǹkan tó gbé mi wá."

Mo wúkọ́. Mo tẹ orí ba. Mo ní, "Gàníyù, rárá o. Mo ti dàgbà. Ẹ wá àwọn tó dáa jù mí lọ." Mò ń rẹ́rìn-ín sí kápẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó kọ́ ló jókòó níwájú mi lónìí o, ọmọ Yorùbá ni, ó mọ ohun tó kàn. Mo dúró kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

Gàníyù ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti kọ̀ fún wọn nígbà yẹn náà, mi ò lè wá máa dà yín láàmú. Lọpẹ́ ni mo wá bá."

Háà!

Lọpẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó gbé àwo dání. Ó ní, "Me? Yeah, go on, I'll do it. When's the meeting?" Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò wolẹ̀, kò ní òun máa rò ó, kò tiẹ̀ gbé àwo sílẹ̀. Ìyàwó mi hó yèè, ó fò mọ́ ọn. Gàníyù ń pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó síbẹ̀ tèmi ti fìlà. Mo jowú ọmọ tí mo bí. Mo sọ ọ́ báyìí, kò sí ẹni tó máa mú mi. Inú mi sì ń dùn débi tí ojú mi fi ń ṣomi, mo sì ń wá ibi tí mo máa kọjú sí kí Gàníyù má baà rí i.

Nígbà tó lọ tán, Lọpẹ́ wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó ní kí n sọ fún òun ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, pé ta ni òun tún fẹ́ bi yàtọ̀ sí mi.

Mo kọjú sí fèrèsé. Mo ní, "Bẹ̀ mí ná."

"Ah, Daddy, would you stop!"

Mi ò yíjú. Ìyàwó mi ní, "Lọpẹ́, bẹ̀ wọ́n jàre, ká lè rímú mí nínú ilé yìí."

Lọpẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì." Yorùbá ló fi sọ ọ́. Mo ní ẹnu mi wúwo. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo bẹ̀ yín." Mo ní màá rò ó. Ó bá di ẹsẹ̀ mi mú, ó gbé orí lé orúnkún mi, ó ní, "Dádì mi, ẹ má kọ̀ fún mi. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu yín."

Mo fi fìlà bo ojú. Ìyàwó mi sọ pé ẹkún ni mò ń sun. Irọ́ ni, mò ń gbádùn ẹ̀bẹ̀ mi ni.